Ẹ Bi Àǹtí: Ta Ló Gbé Ọkàn Kọ́ Sápá Ẹ̀wù?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti ní kẹ́ni tí àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ń dà láàmú kọ̀wé sí mi, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró mọ́, ọ̀rọ̀ ọkàn ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, ọkàn tó fọ́, ọkàn tó bọ́ sínú bàtà, ọkàn tó wà lẹ́nu, ó wá dà bíi pé ọkàn Òyìnbó ò lójú kan tó ń gbé. Mo ti ṣa díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè ẹsẹ̀ tútù àti ẹkún ọ̀nì, ẹ ní sùúrù, tiyín ń bọ̀.

*Ẹ káàsán mà. Care home ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Leeds níbí. Màmá kan wà tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń wẹ̀ fún wọn, èmi ni mo máa ń ya irun wọn, tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ wọn ò ní jẹun dáadáa. Màmá yẹn kú lóṣù tó kọjá, mi ò lè purọ́ mà, mo sunkún gan, níwájú àwọn ọmọ wọn ni, àní ọmọ wọn obìnrin ló tún ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Nígbà tí mánéjà mi wá fẹ́ kọ ìwé lórí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "she wears her heart on her sleeve". Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dúpẹ́, èkejì ní kí n ti máa wáṣẹ́ mìíì. Ṣé ìyìn ni àbí èébú?*
*— Ọmọ yín ẹlẹ́kún, Leeds*

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tẹ́ màmá náà sáfẹ́fẹ́ rere. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lé ẹ. Ohun tí mánéjà ẹ ń sọ ni pé ohunkóhun tó bá wà nínú ẹ, ojú ẹ á ti sọ ọ́ kẹ́nu ẹ tó là. Àwa máa ń ní inú ọmọ èèyàn jìn, wọ́n ní tìẹ ò jìn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ayé ló wá jẹ́ nǹkan ẹ̀rín. Shakespeare ló fi í sẹ́nu ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Iago nínú eré Othello, eré tí wọ́n ṣe níwájú ọba James ní Whitehall ní London lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1604. Ọmọ ogun ni Iago lábẹ́ Othello, inú ń bí i burúkú-burúkú pé ọ̀gá òun gbé ipò igbákejì fún Cassio dípò òun, ó wá pinnu pé òun á máa sìn ín, òun á máa bá a rẹ́rìn-ín, abẹ́lẹ̀ lòun á ti gbẹ́ kòtò fún un. Níbi tó ti ń tú inú ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ti ní ọjọ́ tí ohun tó wà nínú òun bá lè hàn lójú òun, a jẹ́ pé òun ti gbé ọkàn òun kọ́ sápá ẹ̀wù nìyẹn, káwọn ẹyẹ dúdú tó jọ kannakánná wá máa ṣá a jẹ. O rí i báyìí? Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ẹnu ẹ̀ jáde, ó ń búra pé òun ò jẹ́ ṣe é láéláé ni, òun náà lẹni tó pa inú mọ́ jù nínú eré yẹn, òun náà ni ìkà ibẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé láyé àwọn jagunjagun orí ẹṣin, ọkùnrin á so gèlè obìnrin tó fẹ́ràn mọ́ apá kó tó wọ pápá ìfigagbága, pé ibẹ̀ ló ti wá. Ìtàn dídùn ni, ẹ̀rí ẹ̀ ni ò tó nǹkan, ti Shakespeare yìí lèèyàn lè fi ìka tọ́.

Ó wá ku ohun tí mánéjà ẹ ní lọ́kàn. Ohun tó kọ lẹ́yìn ẹ̀ ni kó o lọ wò. Tó bá jẹ́ pé ó tún kọ ọ́ pé àwọn ẹbí aláìsàn fẹ́ràn ẹ, ìyìn ni, lọ sùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ "but" ló tẹ̀ lé e, tàbí tó bá fi "a bit" há àárín gbólóhùn yẹn, là etí ẹ. "A bit" tí àwọn ará Britain máa ń sọ yẹn, kì í ṣe díẹ̀ o! Ẹni tí wọ́n bá ní ó "a bit upset", ó lè ti fọ́ àwo mẹ́ta. Wọn kì í fẹ́ wò ẹ́ lójú sọ fún ẹ pé ẹkún ẹ pọ̀ jù, torí náà ọ̀rọ̀ mìíì ni wọ́n á gbé e gbà. Tẹ́ ẹ bá tún ti jókòó pọ̀, bi í ní tààràtà, "Is that something you'd like me to work on?", kò sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀, ohun tí ò sì ní lè kọ sílẹ̀ á fẹnu sọ ọ́ fún ẹ.

Lójú tèmi o, ibi tí wọ́n bá ti ka ẹkún lórí arúgbó tó kú sí àbùkù lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú, ibẹ̀ ni àbùkù wà. Àmọ́ má lọ fọwọ́ ara ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ pé o "wear your heart on your sleeve", mo ti rí i táwọn èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé olóòótọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ lè kà á pé àṣírí ò ní dúró lọ́wọ́ ẹ. Kọ ohun tó o máa ń ṣe fáwọn èèyàn yẹn, ìyẹn tó.

*Àǹtí wa, mo kí yín láti Ìbàdàn. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí, SS3 ni mò ń kọ́. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé "I know the poem by head", mo fagi lé e, mo ní "by heart" ni. Ọmọ yìí dìde ó ní "sà, ṣé àyà ni ọpọlọ Òyìnbó wà ni?" Kíláàsì tú. Àǹtí, kí ni kí n sọ fún un? Ẹ tún bá mi mẹ́nu ba àwọn tí WAEC fẹ́ràn.*
*— Tíṣà tí wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀*

Tíṣà, ọmọ yẹn gbọ́n, ẹ má nà án. Ẹ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, láyé kan wọ́n gbà pé àyà ni. Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì yẹn, òun ló ní inú ọkàn lèèyàn ti ń ronú, pé iṣẹ́ ọpọlọ ò ju kó máa mú ara tutù lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ dókítà kan tó ń jẹ́ Galen jà á níyàn pé orí ni, ó fi ẹran tó là hàn wọ́n, àmọ́ èdè ti gba ti Aristotle ná. Nígbà tí Chaucer ń kọ ewì ní bíi ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, "by heart" ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Faransé náà ní tiwọn. Àwa ní tiwa, orí la há a sí, àkọ́sórí là ń pè é, ọmọ yẹn ò ṣèèṣì, Yorùbá ló fi ronú.

Ẹ tún lè fi kún un fún wọn pé Òyìnbó fúnra wọn ò fẹnu kò síbì kan. Nínú Bíbélì ọba James ti 1611, ní Kólósè orí 3 ẹsẹ 12, ìfun ni wọ́n ní káwọn onígbàgbọ́ fi ṣàánú, "bowels of mercies", káwọn ọmọ yín máà rẹ́rìn-ín o. Tẹ́ ẹ bá ṣí Bíbélì Yorùbá àtijọ́ sí Òwe orí 4 ẹsẹ 23, níbi tí ti Gẹ̀ẹ́sì ti ní kéèyàn ṣọ́ "heart" ẹ̀, "àiya" ló wà ní tiwa. Bẹ́ẹ̀ inú là ń lò jù lójoojúmọ́, inú ló ń dùn, inú ló ń bí, inú ló ń bàjẹ́, tó bá sì di ọ̀rọ̀ sùúrù a ó ní kéèyàn fi ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Òyìnbó tó bá ń kọ́ Yorùbá, ojú ẹ̀ á rí màbo.

Ti WAEC, níbi tí wọ́n ti máa ń ní kí wọ́n mú ìtumọ̀ tó bá gbólóhùn mu yẹn, ibi tó ti ń gbé wọn ṣubú ni àwọn tó fẹnu jọra. "Take heart" ni kéèyàn mọ́kàn le, "take it to heart" ni kí ọ̀rọ̀ dunni wọnú, ọmọ tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ti lọ. "Have a change of heart" ni kéèyàn yí ìpinnu ẹ̀ padà, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ o. "Heart-to-heart" ni ọ̀rọ̀ àsọdénú ẹni. "To your heart's content" ni títí tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. "Cross my heart and hope to die" ìyẹn ìbúra ọmọdé ni, àwa máa ń fọwọ́ kan ilẹ̀ fi kan ahọ́n ká tó nàka sókè. "Eat your heart out" nìkan ni kí wọ́n ṣọ́ra fún, torí láyé àtijọ́ ẹni tí ìbànújẹ́ ń jẹ nínú ni wọ́n ń fi í sọ, nísinsìnyí ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan ṣe fáàrí fún ẹlòmíì ló ń sọ ọ́, bíi kéèyàn sọ pé "jẹ́ kó máa dùn ẹ́".

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Houston ni. Wọ́n ní a máa ṣe "potluck" ní ófíìsì lọ́jọ́ Friday, àṣé kí kálukú gbé oúnjẹ wá ká jọ jẹ ni, èmi rò pé bíi lọ́tìrì ni, mo mú dọ́là dání, mi ò gbé oúnjẹ kankan lọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé ara mi, ìyá àgbàlagbà kan fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní "Oh, bless your heart". Mo ní "Amen, ma". Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kí ni mo ṣe?*
*— Ẹni tó ṣàmín, Houston*

Yéè! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, má bínú. Gúúsù Amẹ́ríkà lo dé sí yẹn, Texas, Georgia, Alabama, gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àdúrà ni tí wọ́n bá fẹ́ kó jẹ́ àdúrà. Tí ìyá ẹ bá ń ṣàìsàn tí wọ́n sọ ọ́, àánú ló ṣe wọ́n. Tó o bá bá wọn gbé ẹrù wọlé, ọpẹ́ ni. Àmọ́ tó o bá ṣe nǹkan gọ̀ǹgọ̀, ọ̀nà tí ọmọlúàbí ibẹ̀ fi ń sọ pé "ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan" nìyẹn, láì ba ojú ẹrín jẹ́. Ìwọ náà mọ "o káre". Ìyá ẹ sọ ọ́ nígbà tó o pọnmi dé, ó tún sọ ọ́ nígbà tó o fọ́ ìkòkò, ṣé wọ́n ṣàlàyé fún ẹ kó o tó mọ èwo ni wọ́n ń sọ?

Ìyá yẹn ò kórìíra ẹ. Ẹni tó kórìíra ẹ ò ní fọwọ́ kàn ẹ́ léjìká. Ìgbà tó lágbára ni ìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ nípa ẹni tí ò sí níbẹ̀, "she tried to cook, bless her heart", ìyẹn ti parí fún onítọ̀hún. Ní potluck tó ń bọ̀ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ, gbé e sí iwájú ìyá yẹn gan-an, àmín ẹ á wá bá ojú ẹ̀ mu.

*Mà, ìyá mi wá bá mi ní Chicago, a lọ rí dókítà torí wọ́n ní àyà ń ta àwọn, bíi kí nǹkan máa jó wọn bọ̀ lọ́nà ọ̀fun tí wọ́n bá jẹun tán. Dókítà ní "Is it heartburn?" Mo túmọ̀ ẹ̀ fún màmá pé ṣé ọkàn yín ń jóná, wọ́n figbe ta, wọ́n ní áà, mo ti kú! Ṣé "heartburn" kì í ṣe àìsàn ọkàn ni? Òtítọ́ ha ni pé ọkàn máa ń fọ́ pa èèyàn?*
*— Ògbufọ̀ ìyá ẹ̀, Chicago*

Kì í ṣe àìsàn ọkàn, kí màmá fọkàn balẹ̀. Omi kíkan inú ikùn ló ń gun ọ̀nà oúnjẹ bọ̀ lókè, àyà ló ti ń ta èèyàn ni wọ́n ṣe fi ọkàn pè é. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń ṣe ògbufọ̀ fáwọn àgbà, ẹ má gbé àkànlò fún dókítà, ẹ ní kí màmá fìka tọ́ ibi tó ń dùn wọ́n, ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ pé "her heart is cutting" nígbà tó jẹ́ pé àyà wọn ń já lásán, torí ọmọ ò tíì délé, wọ́n lè gbé màmá sorí ẹ̀rọ. Bó bá wá jẹ́ pé àyà dídùn yẹn wúwo, tó ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò wọ́n, tí èémí ò já gaara, ẹ má jókòó túmọ̀ nǹkan kan o, 911 ni kẹ́ ẹ pè.

Ti ọkàn tó ń fọ́, ó wà lóòótọ́. Àwọn dókítà ní Japan ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹ̀ ní 1990, wọ́n pè é ní takotsubo, torí pé ọkàn onítọ̀hún á wú, ìdí ẹ̀ á fẹ̀, ọrùn ẹ̀ á tín-ín-rín, bíi ìkòkò tí àwọn apẹja wọn fi ń mú ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn. Ìbànújẹ́ òjijì tàbí ìpayà ńlá máa ń fà á, obìnrin tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù ló wọ́pọ̀ fún jù. Ó máa ń jọ ìgbà tí ọkàn bá fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lè ṣekú pani, àmọ́ èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

*Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ìyàwó mi, Òyìnbó ni, Croydon la wà. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, mo lọ sílé, mo sin wọ́n, a pa màlúù, mo ná owó, mo jó, mo padà wá, mo gba iṣẹ́ lọ lọ́jọ́ Monday. Látìgbà yẹn ló ti ń sọ pé mo "bottle things up", pé mò ń di ohun tó ń dùn mí sínú, pé òun ò tíì rí omijé mi. Mo ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ni "stiff upper lip"? Ó di ìjà.*
*— Bàbá Ìbejì, Croydon*

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o, ẹ̀yìn bàbá á dáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ohun ìjà kan lọ́wọ́ yín ná. "Stiff upper lip" tẹ́ ẹ gbé jù lù ú yẹn, inú ìwé ìròyìn kan ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní 1815. Ètè òkè ló kọ́kọ́ máa ń gbọ̀n téèyàn bá fẹ́ sunkún, kéèyàn mú un le ni kó máà gbọ̀n. Àwọn ará Britain wá gbà á mọ́ra bí ẹni pé àwọn ló bí i, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1805, Nelson, akọni ojú omi wọn, bó ṣe ń kú lọ nínú ọkọ̀ ogun ní Trafalgar, ó ní kí Hardy, ọ̀gá ọkọ̀ yẹn, fẹnu ko òun lẹ́nu, Hardy sì ko ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ ogun ni wọ́n o! Churchill náà, tó ṣe olórí ìjọba wọn nígbà ogun Hitler, ẹkún ò jìnnà sí i rárá, kò sì fi bò.

Ọjọ́ orí ìyàwó yín ni mi ò mọ̀, àmọ́ tó bá ti gbọ́njú ní 1997, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Diana, ìyàwó Charles ọmọ ọbabìnrin tẹ́lẹ̀, kú ní Paris lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ. Òdòdó bo iwájú ààfin Kensington, àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù ń sunkún ní títì, ìwé ìròyìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọbabìnrin tó wà ní Balmoral ní Scotland pé ó dákẹ́ jù, àfìgbà tó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ 5 oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó gbé e jẹ́ẹ́. Ohun tí wọ́n ti ń fi yin ọbabìnrin yẹn látẹ̀yìn wá, pé ó mọ nǹkan mọ́ra, òun náà ni wọ́n fi ń bú u lọ́sẹ̀ yẹn. Torí náà, ilẹ̀ tí ìyàwó yín dàgbà sí, wọ́n ti kọ́ ọ níbẹ̀ pé ẹni tí ò bá sọ ohun tó ń dùn ún, nǹkan ń ṣe é.

Ẹ̀yin ẹ wá sin bàbá arúgbó, òkú ọ̀fọ̀ kọ́, ìnáwó ni, ijó ni, ayẹyẹ ni. Ṣé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un? Ó rí fọ́tò yín nínú agbádá, owó wà lórí yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ẹ jókòó tì í, ẹ fi fọ́tò yẹn hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń lùlù ni ta, kí ni ìlù yẹn ń sọ nípa bàbá yín, ta ló wá láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ sọ fún un pé àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín.

Àmọ́ ìwọ̀nba lẹ jàre mọ. Monday yẹn yá jù. Ẹ jó fún gbogbo ìlú, ẹ fún gbogbo ìlú lẹ́ran jẹ, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà lẹ ò bá sọ̀rọ̀ bàbá yín. Kò sọ pé dandan ni kẹ́ ẹ sunkún, ó fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kóun wọlé ni. Ìjà yẹn, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi ẹ̀ jù.

*Mà, mo fẹ́ kọ "I love you from the bottom of my heart" sí ọmọbìnrin kan tí mò ń fẹ́. Àbúrò mi ní kí n yọ "bottom" kúrò pé ìdí ni ó máa rò. Ṣé lóòótọ́ ni?*
*— Olólùfẹ́, Ẹdẹ*

Irọ́ ni. Ìsàlẹ̀ ọkàn ni, níbi tó jìn jù. Láyé àwọn ará Róòmù, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, Virgil ti ń lo irú ẹ̀ ní èdè Látìn nínú ewì ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ bó ṣe wà, kọ "bottom" yẹn gàdàgbà. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àbúrò ẹ ló ń ka lẹ́tà ìfẹ́ ẹ gan-an?